Kókó Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Gé Tó Tún Padà: Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Ìyá Aláró Kan Ní Abẹ́òkúta

Ẹni ọdún 56 ni obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Aláró ni, àdìrẹ ló ń ṣe, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá Aláró ni màá máa pè é. Ẹ̀ka físíò, níbi tí wọ́n ti ń fi eré ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan, ni èmi wà nílé ìwòsàn tí wọ́n ti tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Èmi ni mo yẹ ìrìn rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà, èmi náà ni wọ́n sì fà á lé lọ́wọ́ nígbà tó jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síta. Ó ní àwọn tí kókó ẹsẹ̀ ń yọ lẹ́nu lọ́jà àwọn pọ̀ ju àwọn tó ń lọ bá dókítà lọ.

Ẹsẹ̀ òsì ló gbé wá. Kókó kan ta síta ní ẹ̀gbẹ́ inú, níbi tí àtàǹpàkò ti so mọ́ ẹsẹ̀. Awọ orí rẹ̀ pọ́n, ó sì ń dán. Àtàǹpàkò náà ti wọ́ lọ bá ìka kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sábẹ́ rẹ̀ tán, ìka kejì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò. Nígbà tí mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, mo rí i pé awọ ti yi gan-an lábẹ́ ìdí ìka kejì. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àtàǹpàkò kò gbé ẹrù tirẹ̀ mọ́, ó ti dà á lé ẹnìkejì rẹ̀ lórí.

Bàtà tó wọ̀ wá tún là mí lóye. Bàtà aláwọ dúdú ni, kò tíì gbó rárá, àmọ́ ó ti fi abẹ́ ré ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí kókó náà lè ráyè jáde. Ó wá fi aṣọ dúdú rán etí ihò náà kó má baà hàn sáyé. Ẹni tó bá ti ń dá ihò sí bàtà tuntun lára báyìí, ìrora rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Ó ní láàárọ̀ kì í burú. Tó bá ti dúró ti ìkòkò aró títí di ọwọ́ ọ̀sán, ìgbà yẹn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, tó bá sì dalẹ́, bí aṣọ ìbora bá kàn án lásán, á jí.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ará ọjà ti sọ tiwọn. Ọ̀kan ní ó tẹ nǹkan ni, pé kó wá ẹni tó máa bá a wẹ ẹsẹ̀ náà. Òmíràn ní gáùtù ni, ó sì bù fún un nínú oògùn ọkọ òun. Gáùtù máa ń mú àtàǹpàkò lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjijì ló máa ń dé, pàápàá lóru. Oríkèé á wú, á gbóná, á pọ́n, kò sì ní ṣeé fọwọ́ kàn; lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan á lọ. Ti Ìyá Aláró kò lọ rí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ́, láti ìgbà tó ti bímọ kẹta. Ìyá tó bí i ní irú rẹ̀, àbúrò ìyá náà sì ní i.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó tẹ̀ lé e wá ló bẹ̀rẹ̀ sí í bú bàtà òde àríyá. Mo ní kó rọra. Ìyá tó bí Ìyá Aláró kò wọ bàtà gogoro rí láyé rẹ̀; ẹsẹ̀ lásán àti sálúbàtà ló fi lo ìgbà tirẹ̀. Bàtà tó há lẹ́nu, tó sì gbé gìgísẹ̀ sókè, máa ń dá kún ìṣòro náà, ó sì ń mú kó tètè dunni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe bí ẹsẹ̀ sínú ìdílé ló sábà máa ń lànà sílẹ̀ fún un. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó bọ́ bàtà tirẹ̀ kí n wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, kò bọ́ ọ.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ìyá Aláró yàtọ̀ ni àpá kan tó gùn tó ìka ọwọ́, tó wà lórí kókó náà gan-an. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú, ilé ìwòsàn aládàáni kan ti gé e fún un. Wọ́n fi ayùn ré eegun tó yọ síta, wọ́n rán an, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ara tù ú. Ó tilẹ̀ wọ bàtà gogoro lọ síbi ìsìnkú kan lọ́dún yẹn. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, kókó ti padà sójú ibi tó wà, àtàǹpàkò sì wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé gbòǹgbò ni wọn ò fà tu. Ohun tó wá tọrọ lọ́wọ́ wa ni pé kí wọ́n tún un gé, kí wọ́n sì gé e jìn lọ́tẹ̀ yìí.

Kókó yẹn kò ní gbòǹgbò. Kì í ṣe eéwo, kì í ṣe iṣu ẹran. Orí eegun ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wò wá lójú. Eegun gígùn tó wà lẹ́yìn àtàǹpàkò ló kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun kejì, tó dà sí ẹ̀gbẹ́ inú. Àtàǹpàkò tó dúró lé e lórí wá dà sí òdìkejì, lọ bá àwọn ìka yòókù. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ṣẹ́ kọ́ná yẹn ló ta síta, tí bàtà ń ha, tí àpò omi tín-ínrín tó wà lábẹ́ awọ ibẹ̀ sì ń wú. Lábẹ́ orí eegun náà, eegun róbótó kéékèèké méjì wà, iṣan tó ń tẹ àtàǹpàkò sì gba àárín wọn kọjá. Bí eegun bá ti yẹ̀ kúrò lórí àwọn méjèèjì yìí, iṣan tó yẹ kó máa fa àtàǹpàkò tààrà á wá máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìgbésẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló ń dá kún un. Mo sọ fún Ìyá Aláró pé: tí òpó àtíbàbà bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n wá fi àáké bó ìhà tó yọ síta, ṣé òpó náà ti nàró nìyẹn? Ó ní rárá, ó kàn tín-ín-rín sí i ni.

Mi ò fi èyí sọ pé àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é jẹ́ ayédèrú. Gígé kókó nìkan jẹ́ iṣẹ́ abẹ tí ìwé mọ̀. Orúkọ Silver, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa àtúnṣe ẹsẹ̀ yìí ní 1923, ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ ọn. Wọ́n ṣì lè lò ó fún àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ́ púpọ̀, tó jẹ́ pé kí bàtà má ha á mọ́ ni gbogbo ohun tó ń fẹ́. Ẹni tó ń dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí eegun rẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀ tó báyìí, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè bá a kalẹ́.

X-ray kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́. Orí ìbùsùn ló dùbúlẹ̀ sí nígbà tí wọ́n yà á. Èyí ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ, nítorí ẹsẹ̀ tí kò gbé ara kì í fi bó ṣe dà tó hàn. Dókítà eegun ní kí wọ́n tún un yà ní ìdúró, kó fi gbogbo ara tẹ ilẹ̀. Nǹkan méjì ni wọ́n wọ̀n lórí rẹ̀. Èkíní ni igun tó wà láàárín àtàǹpàkò àti eegun gígùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀: kò yẹ kó ju dígíìrì 15 lọ, ti Ìyá Aláró jẹ́ 36. Èkejì ni igun tó wà láàárín eegun gígùn àkọ́kọ́ àti èkejì: kò yẹ kó tó 10, tirẹ̀ jẹ́ 15. Eegun róbótó méjèèjì ti sún jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú oríkèé, níbi tí eegun ti ń pàdé eegun, ṣì dára, kò tíì jẹ.

A kò sáré gbé e lọ sí tíátà. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi gbìyànjú bàtà fífẹ̀, tìmùtìmù kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ ìdí ìka kejì, àti eré ìdárayá fún iṣan ojúgun àti ti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ra rọ́bà tí wọ́n ń ki sáàárín ìka ní Pànṣẹ́kẹ́, ẹni tó tà á fún un sì búra pé oṣù kan péré ló máa fi tọ́ ẹsẹ̀ náà. Rọ́bà yẹn lè dín ìrora kù, ó lè ya ìka kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, àmọ́ eegun àgbàlagbà kì í tìtorí rọ́bà padà sáyè rẹ̀. Òrí tí àwọn kan fi ń ra á ń mú awọ rọ̀, ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Ìrìn ojú ọ̀nà rẹ̀ sàn sí i lóòótọ́. Ìdúró níbi ìkòkò aró kò sàn.

Nǹkan mìíràn jáde láàárín oṣù mẹ́ta yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò gbọ́ oògùn, nọ́ọ̀sì sì béèrè ohun mìíràn tó ń lò. Diclofenac ni, láti ilé kẹ́mísì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, fún ọdún púpọ̀. Irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì lè ba kíndìnrín àti inú jẹ́. Wọ́n dá a dúró, wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, ó dára. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ walẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Fún èmi, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ tọ́ sí i: ẹsẹ̀ tó ń mú èèyàn gbé oògùn mì lójoojúmọ́ ti kọjá ọ̀rọ̀ kókó.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Inú oṣù December ni wọ́n fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ náà ní October kó lè wọ bàtà tó bá gèlè mu. Dókítà, tí kò tíì ju ọmọ ogójì ọdún lọ, jókòó síwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ẹsẹ̀ ló ń dùn yín ni, àbí ojú ló ń tì yín?"

"Méjèèjì ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń jí mi lóru."

"Tó bá jẹ́ ti ojú ni, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Nígbà tó jẹ́ ti ẹsẹ̀, ẹ ṣe ìgbéyàwó yín tán ná. Tí a bá ṣe é ní October, ẹsẹ̀ á ṣì wú ní December, bàtà yẹn ò ní wọ̀ yín."

Ó bínú díẹ̀, àmọ́ ó gbà. January tún bá òwò rẹ̀ mu ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọjà ọdún ti tán, àwọn oníbàárà ti ná owó wọn, àjọ tó ń dá sì kàn án lóṣù yẹn. Owó àjọ náà ló fi san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé ìwòsàn.

Oríṣi iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà ti gbé kalẹ̀ fún ẹsẹ̀ yìí ju 100 lọ. Ibi tí ẹnu kò bá ti kò, báyìí ni nǹkan máa ń pọ̀. Gbogbo wa jókòó yẹ díẹ̀ wò nínú wọn. Títún kókó gé, ìyẹn ti bọ́ sọ́nù. Gígé eegun ní ọ̀gangan orí rẹ̀ rọrùn, ẹsẹ̀ sì máa ń tètè jinná, àmọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti bó orí eegun náà jù, èyí tó kù níbẹ̀ kò pọ̀ tó láti dì mú. Yíyọ apá kan oríkèé kúrò máa ń sọ àtàǹpàkò di aláìlágbára. Arúgbó tí kì í rìn púpọ̀ ló yẹ. Èyí tí oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Lapidus kọ̀wé lé lórí ní 1934 ni kí wọ́n so oríkèé tó wà ní àárín ẹsẹ̀ pọ̀ kó má mì mọ́. Ó lágbára, ó sì dára fún ẹni tí oríkèé yẹn bá dẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lè pẹ́ kó tó tẹlẹ̀. Dókítà di ẹsẹ̀ Ìyá Aláró mú, ó mì í lọ mì í bọ̀. Oríkèé náà dúró gbọn-in. Ó mú èyí tí wọ́n ń pè ní scarf: wọ́n á la eegun gígùn náà lóòró ní ìrísí lẹ́tà Z, wọ́n á sún ìlàjì tó gbé orí padà sọ́dọ̀ eegun kejì, wọ́n á sì fi skúrù kéékèèké méjì so wọ́n pọ̀. Ó fi èyí tí oníṣẹ́ abẹ mìíràn tó ń jẹ́ Akin kọ̀wé lé lórí ní 1925 kún un, níbi tí wọ́n ti ń yọ eegun bíńtín kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan eegun àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ kó lè nà.

Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n fọwọ́ wá ìlù ẹ̀jẹ̀ ní orí ẹsẹ̀ àti lẹ́yìn kókósẹ̀, méjèèjì ń lù dáadáa. Wọ́n wo ṣúgà rẹ̀, kò ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n tún ní kó ṣe jẹ́nótáìpù. Ẹnu yà á, ó ní òun ti kọjá ẹni tó ń wá ọkọ. Jẹ́nótáìpù kì í ṣe ti ìgbéyàwó nìkan: okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà bo ojú iṣẹ́ lè dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ SS. AS ni òun jẹ́. Wọ́n ṣì lè di ẹsẹ̀ rẹ̀, àmọ́ wọn ò jẹ́ kó pẹ́.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ fi kú, wọ́n sì fún un ní ìwọ̀nba oògùn tó mú un tòògbé. Kò sùn lọ pátápátá. Nígbà tí ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó gbórí sókè, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kápẹ́ńtà ti dé ni?" Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bẹ dókítà pé kó dúró ná.

Orí àpá àtijọ́ ni wọ́n ti là á. Wọ́n la ojú kékeré mìíràn láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì, wọ́n sì tú iṣan tó ti ń fa àtàǹpàkò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n la eegun, tí wọ́n sún un. Nǹkan bíi mìlímítà 6 ni gbogbo ìsúnkì náà. Ìwọ̀n tín-ín-ínrín yẹn ló ti fi ìyá kan sun ẹkún mọ́jú fún ọdún púpọ̀. Kókó fúnra rẹ̀, díẹ̀ báyìí ni wọ́n ré lára rẹ̀, nítorí bí eegun ṣe padà sáyè, kókó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Ibi tí dókítà ti lo sùúrù jù ni ìgbà tó ń rán àpò oríkèé padà. Tó bá fà á le jù, àtàǹpàkò á wọ́ sí òdìkejì, ìyẹn sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ wà lókè lórí ìrọ̀rí, ó ga ju àyà lọ, ó sì ń yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lákòókò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú iṣan ojúgun. Bàtà tí wọ́n fún un, gìgísẹ̀ nìkan ló ń tẹlẹ̀, iwájú rẹ̀ ló wà lókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló yẹ kó fi wọ̀ ọ́, nítorí eegun kì í sábà so kó tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé Abẹ́òkúta kò tẹ́jú. Ilé rẹ̀ wà lókè, lápá Kẹ́mta, orí àpáta ni wọ́n mọ àtẹ̀gùn rẹ̀ lé, àwọn ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ọjọ́ tí mo fi kọ́ ọ ní bó ṣe máa fi ọ̀pá méjì gun àtẹ̀gùn, ohun kan ni mo tẹ̀ mọ́ ọn létí: ẹsẹ̀ tó dá ni kó kọ́kọ́ gbé tó bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ni kó kọ́kọ́ sọ̀ tó bá ń sọ̀kalẹ̀. Ó ń kọ ọ́ lórin nínú ilé títí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tó ń bọ̀ wá yọ okùn, ọ̀kadà ló gùn, ẹsẹ̀ ń fì lẹ́bàá sàláńsà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dán an wò mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sanwó ẹni mẹ́ta nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, kó lè na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó wọlé, báńdéèjì rẹ̀ sì dúdú bí aró. Kí n tó la ẹnu ni ó ti ní: "Dókítà, ẹ má bá mi wí." Dókítà ni wọ́n ń pe gbogbo wa níbẹ̀. Oníbàárà kan ló dé láti Èkó, ó ń fẹ́ yáàdì púpọ̀, ọmọ iṣẹ́ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń po kọ́ṣítíìkì mọ́ aró. Ó bọ́ bàtà ilé ìwòsàn sílẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ó dúró ti ìkòkò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Omi aró ta sí i. Kọ́ṣítíìkì máa ń jẹ awọ, àpá iṣẹ́ abẹ kì í sì í ṣe ibi tó yẹ kó kàn. Etí ojú egbò ti pọ́n, ẹsẹ̀ wú dé ọrùn. Wọ́n fi omi púpọ̀ ṣàn án, wọ́n dì í padà, wọ́n ya X-ray. Skúrù méjèèjì dúró síbi tí wọ́n wà. Ojú egbò kò ṣí. Àmọ́ ìwúlé náà mú un padà sórí ìrọ̀rí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì di mẹ́jọ.

Mi ò lè dá a lẹ́bi tó bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣe dá a lẹ́bi. A máa ń sọ fún aláìsàn pé kó sinmi, a kì í béèrè ta ni yóò po aró. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo wá máa ń kọ́kọ́ bi oníṣẹ́ ọwọ́ báyìí kí wọ́n tó dájọ́ fún un: ta ló máa dúró síbi iṣẹ́ yín, ṣé ó ti mọ̀ ọ́n ṣe? Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ ná.

Eré ìdárayá àtàǹpàkò tún jẹ́ ìjà lọ́tọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ okùn ló ti yẹ kó máa fi ọwọ́ tẹ àtàǹpàkò sókè sódò, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, nítorí oríkèé tí kò bá mì á le. Ó ń dùn ún, kò ṣe é tó. Nígbà tí eegun fi máa so, àtàǹpàkò rẹ̀ kò lè tẹ̀ tó bó ṣe ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀. A fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà, a kò gba gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan bàtà. Ṣúmékà kan ní Ọ̀mídá ló bá a rán sáńdà, mo sì bá a lọ torí mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe máa wọn ẹsẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ṣúmékà máa ń wọn ẹsẹ̀ ní ìjókòó. A ní kó dìde, kó tẹ páálí mọ́lẹ̀ dáadáa, ìrọ̀lẹ́ la sì mú lọ, nígbà tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ tó bó ṣe máa fẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè dán èyí wò nílé: ẹ fa ìlà yí ẹsẹ̀ yín ká lórí páálí ní ìdúró, kí ẹ sì gbé bàtà yín lé e. Bí ìlà bá yọ síta lábẹ́ bàtà, bàtà yẹn kéré jù fún yín, ohun yòówù tí nọ́ńbà rẹ̀ ì báà jẹ́. Ti Ìyá Aláró yọ ju ìbú ìka ọwọ́ kan lọ lórí bàtà tó ti fi abẹ́ ré.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú ní ìrọ̀lẹ́ títí di oṣù keje, èyí kò sì yani lẹ́nu. Ti ẹlòmíì máa ń tó ọdún kan. Nígbà tó pé ọdún, wọ́n tún ya X-ray ní ìdúró. Igun àkọ́kọ́ ti di 13 láti 36, èkejì ti di 8 láti 15. Eegun róbótó méjèèjì ti padà sábẹ́ orí eegun. Awọ tó yi lábẹ́ ìka kejì ti ń rọ̀. Ó ń dúró ti ìkòkò aró láì lo oògùn ìrora, ó sì ń sùn dé àárọ̀. Ohun tí kò tíì padà ni ìmọ̀lára ní ẹ̀gbẹ́ inú àtàǹpàkò. Ibẹ̀ ṣì kú díẹ̀, torí iṣan ìmọ̀lára tó gba ibẹ̀ wà lẹ́bàá ojú àpá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa wà. Wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, kò ka á sí ìjà.

Ó tún wá bi dókítà léèrè nípa ẹsẹ̀ ọ̀tún, nítorí àjọ máa tó kàn án padà, kókó kan sì wà níbẹ̀ náà. Igun àkọ́kọ́ níbẹ̀ jẹ́ dígíìrì 24. Dókítà tẹ̀ ẹ́, ó yí i, ó ní kó rìn lọ rìn bọ̀.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí. Mo kàn ní kí wọ́n jọ dọ́gba ni."

Wọn ò ṣe é. Wọ́n kọ bàtà fífẹ̀ fún un, wọ́n sì ní kó padà wá ya X-ray lẹ́yìn ọdún kan, tàbí kó yára wá tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó gba káàdì rẹ̀, ó ní kí n bá òun fi tó ọmọ òun létí kó má lọ gbé owó àjọ náà fún aláṣọ.